Ìwé tí mo kà láìpẹ́ yìí àti bó ṣe rí lára mi: ẹ wá bá mi jiyàn

ÀkàwéAlẹ́

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ òǹkàwé. Mo ti ka ìwé mélòó kan láìpẹ́ yìí, oríṣiríṣi ni wọ́n, mo sì fẹ́ sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí lára mi láì fepo bọyọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká jiyàn lé lórí nìyí: orúkọ ẹ̀yà tí wọ́n ń pe ìwé ló ń ṣì wá lọ́nà jù. Wọ́n á ní èyí ni ti ẹ̀rù, èyí ni ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, èyí ni ti sáyẹ́ǹsì. Ẹ ó ṣí i báyìí, nǹkan mìíràn pátápátá lẹ ó bá níbẹ̀.

Frankenstein ni mo kọ́kọ́ kà. Mary Shelley ló kọ ọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1816, ìwé náà sì jáde ní 1818 láìsí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Ohun tí sinimá ti fi sí wa lórí ni pé abàmì kan wà tí ara rẹ̀ le gbagidi, tí kò lè sọ̀rọ̀, tó ń jẹ́ Frankenstein. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó dá a ló ń jẹ́ Victor Frankenstein, ẹ̀dá náà kò lórúkọ kankan. Ó sì ń sọ̀rọ̀! Òun ló tilẹ̀ mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù nínú gbogbo wọn. Ó sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn ẹbí kan, ó ń yọjú wò wọ́n láti ojú ihò, ibẹ̀ ló ti kọ́ èdè, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ ìwé kíkà títí tó fi ń ka ewì ńlá Paradise Lost. Mo dúró kí ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù ò bà mí. Àánú ló ṣe mí, lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí ẹni tó dá a, torí pé bó ṣe lajú báyìí ni ẹlẹ́dàá rẹ̀ ki eré mọ́lẹ̀. Ìwé nípa bàbá tó kọ ọmọ sílẹ̀ ni mo kà, kì í ṣe ìwé ẹ̀rù. Àléébù rẹ̀ ò ju ẹkún Victor lọ. Ó ṣàìsàn, ó dákú, ó wo òkè ńlá, ó tún ṣàìsàn. Ó sú mi.

Lẹ́yìn náà ni The Murder of Roger Ackroyd, ti Agatha Christie, 1926. Wọ́n pa ọkùnrin olówó kan nínú yàrá rẹ̀ ní abúlé kékeré kan. Poirot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú àwọn ìwé Christie, ti fẹ̀yìn tì síbẹ̀, ó ń gbin elégédé, ni wọ́n bá tún fà á jáde. Mi ò ní sọ ẹni tó ṣe é. Ohun tí mo máa sọ ni pé mo gbádùn rẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó parí, nígbà tí àṣírí wá tú, mo gbé ìwé náà jù sórí ibùsùn. Mo gbà pé obìnrin yẹn rẹ́ mi jẹ. Ẹni tí kò bá gbà, kó wí.

The Immortal Life of Henrietta Lacks, Rebecca Skloot, 2010. Ìwé sáyẹ́ǹsì ni wọ́n pè é. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kú ní 1951 nípasẹ̀ jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Kó tó kú, àwọn dókítà ti gé díẹ̀ lára kókó náà láìbi í léèrè. Sẹ́ẹ̀lì àwọn aláìsàn yòókù máa ń kú tí wọ́n bá kó wọn sínú ìgò, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń pín, ó ń pín, ó sì ń pín dòní. Wọ́n fi ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀. Wọ́n ń tà á. Ó lé lógún ọdún kí ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó gbọ́. Ibi tí Deborah ọmọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti fi maikirosíkóòpù wo sẹ́ẹ̀lì ìyá wọn, mi ò lè kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ní láti gbé e sílẹ̀ ná. Àmọ́ òǹkọ̀wé ti ti ara rẹ̀ bọ ọ̀rọ̀ náà jù: mo pè wọ́n, wọn ò gbé e, mo wakọ̀ lọ, wọn ò sí nílé. Tìrẹ kọ́ là ń bi ọ́, aǹtí.

Man's Search for Meaning, Viktor Frankl. Dókítà ọpọlọ ni, Júù ni, ó sì la àgọ́ ìpànìyàn àwọn Násì já. Ìdajì àkọ́kọ́ dára débi pé mi ò lè sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ìdajì kejì, níbi tó ti ń ṣàlàyé ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀, gbẹ.

Dune, Frank Herbert, 1965: mi ò parí rẹ̀. Orúkọ pọ̀ jù, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ìwé, èèyàn á máa ṣí iwájú, á máa ṣí ẹ̀yìn. Èyí tó tún wá burú ni pé wọ́n ti dárúkọ ọ̀dàlẹ̀ fún wa tipẹ́tipẹ́ kó tó dalẹ̀. Kí ni mo tún ń kà á fún?

Mo sì tún padà sórí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ti Fágúnwà, 1938. Ìwé ọmọ iléèwé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Èdè rẹ̀ ń dùn mọ́ni lẹ́nu, Agbákò, abàmì inú rẹ̀, ṣì ń fò mí láyà ju ohunkóhun nínú Frankenstein lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ìwàásù yẹn! Àwọn ibi ìwàásù, mo fò wọ́n. Ó tán, mo ti sọ ọ́.

Ojú_Ìwé_Kejì

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Lórí ẹkún Victor, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Ta ló ń sọ fún wa pé Victor ń sunkún? Victor fúnra rẹ̀ ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ìtàn náà: ọkùnrin arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Walton ń kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láti inú ọkọ̀ tó há sáàárín yìnyín. Victor ń rojọ́ fún Walton. Láàárín ẹjọ́ Victor ni ẹ̀dá náà ti ń rojọ́ tirẹ̀. Ẹnu mẹ́ta, ọ̀kan nínú ìkejì. Ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́ láti ẹnu ẹ̀dá yẹn, ẹnu ọ̀tá rẹ̀ ló gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Nítorí náà, èmi ò ka ẹkún yẹn sí àléébù. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dá òun láre ló ń sunkún. Wọ́n so Justine, ọmọ-ọ̀dọ̀ ilé wọn, kọ́ nítorí ohun tí kò ṣe, Victor mọ̀, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló wá ń sọ pé ìyà òun ju ti ọmọbìnrin náà lọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo mọ irú ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Bàbá_Onígègé

Ọmọ mi ÀkàwéAlẹ́, o káre. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ títí mo fi dé ibi tí o ti ní o fo ìwàásù Fágúnwà. Mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. O fò ó?

Jẹ́ kí n bi ọ́. Báwo ni ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀? Bàbá kan tó ti darúgbó wá bá akọ̀wé nílé rẹ̀, ó ní kó mú gègé àti ìwé, kó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Ó sọ ọ́ títí, ó lọ, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn sì ń pọ̀ sí i tí wọ́n wá jókòó gbọ́. Àkàrà-oògùn, bàbá yẹn, kò kọ ìwé, ó ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò ni. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò gbọ́dọ̀ máa dúró, kó kọjú sí wọn, kó bá wọn wí, kó tó máa bá ìtàn lọ. Ìdí nìyẹn tí ìwàásù fi wà níbẹ̀. Ka ojú ìwé náà sókè ketekete lọ́la, kí o wá sọ fún mi bóyá ó ṣì sú ọ.

Nígbà tí òun àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dé Òkè Láńgbòdó, kí ni wọ́n bá? Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó lọ́dọ̀ Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n ibẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Gbogbo ewu, gbogbo ìjà pẹ̀lú iwin àti ẹbọra, nítorí kí wọ́n lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ni. Tí o bá fo ọ̀rọ̀ náà, kí ni o bá wọn lọ ṣe?

ÀkàwéAlẹ́

@Bàbá_Onígègé Ẹ kú ìbínú, bàbá. Ẹnu yín mú, mo gbà fún yín lórí kíkà á sókè, màá gbìyànjú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín ní ìbéèrè kan. Nígbà tí àwọn ọdẹ fẹ́ lọ, obìnrin Kàkó, ọ̀kan nínú wọn, dì mọ́ ọn, ó ní kò ní lọ. Kàkó pa á. Ó pa obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì bá wọn lọ, akọni ni wọ́n ń pè é títí tí ìtàn fi parí. Ìwé tó lè fi ọjọ́ méje kọ́ wa ní ìwà, ṣé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó ti dúró kó wàásù?

@Ojú_Ìwé_Kejì Àlàyé yìí dára, àmọ́ ẹkún tí òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ kọ náà lè súni. Àwa tí a ò mọ̀ pé ìdí wà níbẹ̀ ńkọ́?

Bàbá_Onígègé

O mú mi níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni ibi yẹn ti ń dùn mí. Ohun tí mo lè sọ kò ju pé ìwé náà kò bò ó mọ́lẹ̀. Ó jẹ́ ká rí i, ó jẹ́ ká gbọ́ ohùn obìnrin náà kó tó kú. Wole Soyinka tó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì ní 1968 kò yọ ọ́ kúrò. Bóyá òǹkọ̀wé rò pé ẹ̀rù rẹ̀ á ṣe iṣẹ́ ìwàásù. Bóyá kò sì rò bẹ́ẹ̀. Nínú ayé ìwé yẹn, ohun tí ọkùnrin máa fi gbayì ló ga ju obìnrin lọ, o sì lè bínú sí ìwé tí o fẹ́ràn. Èmi ń bínú sí i, mo sì ń kà á.

Ṣadé_ń_Kàwé

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹni tuntun ni mí níbí o. Mo kàn fẹ́ sọ nípa Roger Ackroyd pé nígbà tí mo débi tí Poirot ti kó gbogbo wọn jọ sínú yàrá kan, tó wá yíjú sí

Ìyá_Olówe

DÚRÓ! Dúró níbẹ̀, ọmọ yìí! Mo wà ní orí kẹsàn-án!

Ṣadé_ń_Kàwé

Ẹ má bínú o, mà. Mo ti pa ẹnu mi dé.

Ìyá_Olówe

Ó ṣeun. Kí gbogbo yín pa á dé. Mo ní ẹni tí mo fura sí, mi ò ní sọ.

Kò_Sí_Irọ́_Níbẹ̀

Màá sọ èrò mi nípa Ackroyd láìtú àṣírí, torí pé ọ̀rọ̀ "ó rẹ́ mi jẹ" yẹn ò bá mi lára mu. Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń jà á. Ní 1926 tó jáde, àwọn kan bínú gan-an, wọ́n ní Christie ti rú òfin ìtàn ọ̀daràn. Dorothy Sayers, tí òun náà ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, gbèjà rẹ̀: lójú tirẹ̀, iṣẹ́ òǹkàwé ni láti fura sí gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbẹ́ Sayers ni mo wà.

Ẹ̀gbọ́n ÀkàwéAlẹ́, ẹ ṣe ohun kan fún mi. Ẹ padà lọ tún ìwé náà kà níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti mọ òpin rẹ̀. Ẹ wá gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀ tó jẹ́ irọ́. Ẹ ò ní rí i. Ibi tí obìnrin náà fò, ó fò ó ní ìdákẹ́jẹ́, àyè ibẹ̀ sì ṣófo gbàgede lójú ìwé. Àwa la kọjá lórí rẹ̀ láìwò, torí a ti gbọ́ pé ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, Poirot nìkan là ń wò. Ẹ rí i pé èyí gan-an ti ọ̀rọ̀ tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn: àmì ẹ̀yà tó wà lára ìwé náà ló fọ́ wa lójú. Christie mọ àmì yẹn ju wa lọ, ó sì lò ó.

Lóṣù Kejìlá ọdún 1926 kan náà ni Christie fúnra rẹ̀ sọnù fún ọjọ́ mọ́kànlá tí gbogbo ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń wá a kiri, kí wọ́n tó rí i ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Harrogate. Kò kan ìwé yìí. Mo kàn fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ ni.

Adífá_Kọ̀ọ́lẹ̀

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti di ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó dárúkọ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí? Àjà Ló Lẹrù, 1969. Àgbàlagbà Akàn, 1971. Lápàdé, ẹni tó ń ṣe ìwádìí nínú wọn, kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sórí àga tó ń fi ọpọlọ ronú títí. Ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, ìjà kì í jìnnà sí i, Tàfá Ìgìrípá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí Poirot bá bá wọn pàdé ní kọ̀rọ̀, á sá.

Bí mo ṣe rí i, ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀rọ̀ sísọ ló gbé ìwé méjèèjì dúró ju ìwádìí lọ. Ta ló ṣe é kì í pẹ́ hàn. Ohun tí mo ń dúró dè ni èsì tí Lápàdé máa fọ̀ fún ẹni tó bá gbójú gbóyà sí i. Àwọn tó bá fẹ́ kí àdìtú ó le ò ní rí i níbẹ̀, mo ti kìlọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Mo ti ń ka gbogbo yín, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n dáhùn. Henrietta Lacks ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní òǹkọ̀wé ti ara rẹ̀ bọ ọ̀rọ̀ náà. Ó dáa, ẹ fà á yọ kúrò ná. Kí ló kù? Obìnrin aláwọ̀ funfun kan tó ń sọ fún wa ohun tó wà lọ́kàn àwọn ẹbí aláwọ̀ dúdú, láìsọ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwọn dókítà ti ṣe sí wọn tẹ́lẹ̀ nìyẹn, wọ́n mú nǹkan wọn, wọn ò sọ ibi tí wọ́n ti mú un. Gbogbo ìpè tí Deborah ò gbé yẹn, èmi fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó jẹ́ kí n mọ iye tí ìgbẹ́kẹ̀lé náà ná wọn. Ìgbà kan wà tí àwọn ìwé ìròyìn ń pe ìyá wọn ní Helen Lane, orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ tí wọ́n gba orúkọ ìyá wọn báyìí, ṣé wọ́n á kàn ṣílẹ̀kùn fún àlejò?

Kí n fi ti iṣẹ́ mi sí i. Àwọn tó ń kọ́ni ní iléèwé nọ́ọ̀sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbàṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn bí ẹni ka àkọ́sórí: ṣàlàyé fún un, jẹ́ kó fọwọ́ sí i. Ìwé yìí nìkan ló jẹ́ kí n rí ojú ẹni tí wọn ò bi léèrè. Ẹ rántí pé kò sí òfin tó ní kí wọ́n bi í ní 1951, ohun tó ń bani nínú jẹ́ jù nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó tilẹ̀ rò pé òun ń ṣe ibi. George Gey tó ń tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà pín wọn fún àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó wọlé. Ọdún 2023 ni àwọn ẹbí náà àti ilé-iṣẹ́ Thermo Fisher tó ń tà á wá yanjú ẹjọ́ wọn, ìyẹn ọdún méjìléláàádọ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé tí mo ní ti jáde ṣáájú, kò sí níbẹ̀.

ÀkàwéAlẹ́

@Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ Ẹ ti bá mi wí dáadáa. Mo ṣì máa ní kí wọ́n gé díẹ̀ nínú ìwakọ̀ yẹn o, ṣùgbọ́n ti ìpè tí wọn ò gbé, ẹ mú un lọ.

@Kò_Sí_Irọ́_Níbẹ̀ Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kà. Mo wà ní orí kẹrin. Mi ò tíì rí irọ́ kankan, inú sì túbọ̀ ń bí mi ni.

Ọmọ_Aṣálẹ̀

Ta ló fọwọ́ kan Dune? Èmi nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní wọ́n ti dárúkọ ọ̀dàlẹ̀ fún yín kó tó dalẹ̀, ẹ ò wá mọ ohun tí ẹ tún ń kà á fún. Ṣé ẹ rí i pé ẹ bínú sí Christie torí pé ó fi nǹkan pamọ́ fún yín, ẹ tún bínú sí Herbert torí pé kò fi pamọ́? Kí ni kí àwọn òǹkọ̀wé ṣe fún yín?

Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Nígbà tí ẹ bá ti mọ ọ̀dàlẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá wọlé tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń tọ́jú ọmọ wọn, ọkàn yín á máa lù kìkì. Ẹ fẹ́ pariwo fún wọn, wọn ò lè gbọ́ yín. Ìpayà tí mo bá níbẹ̀ pọ̀ ju ti ìwé tó ń fi nǹkan pamọ́ lọ. Lórí ọ̀rọ̀ àjèjì, ẹ gbàgbé ìtumọ̀ tó wà lẹ́yìn. Ẹ kàn máa kà á lọ. Ọmọdékùnrin tí ìtàn dá lé lórí, àlejò ni lórí Arrakis, ayé aṣálẹ̀ inú ìwé náà, òun náà ò mọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jọ máa kọ́ ọ ni.

Àmọ́ mo gbà fún yín lórí ti àmì. Wọ́n ní ìwé sáyẹ́ǹsì inú òfuurufú ni, ẹni tó bá wá ọkọ̀ òfuurufú wá síbẹ̀ máa kú dànù. Nípa omi ni, nípa ẹ̀sìn, nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń fọwọ́ ara wọn dá olúwa lé orí ara wọn. Nǹkan bí ogún ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló kọ̀ ọ́ kí Chilton tó gbà á, ìwé àtúnṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ni wọ́n mọ Chilton mọ́. Àwọn náà ò mọ àpótí tí wọn ì bá jù ú sí.

Ìyá_Olówe

Mo ti dé orí kẹtàdínlógún. Ẹni tí mo fura sí ti yí padà. Ẹ má dá mi lóhùn.

Àròjinlẹ̀

Ẹ ò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Frankl tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn bí ẹ̀gbọ́n ṣe ní òun ò lè sọ púpọ̀ nípa ìdajì àkọ́kọ́, torí irú ìwé yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fún ní máàkì. Ìyá rẹ̀ kú sí Auschwitz, ìyàwó rẹ̀ kú sí Bergen-Belsen, bàbá rẹ̀ ti kú ṣáájú ní Theresienstadt. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kọ ìwé náà ní 1945, ó kọ́kọ́ fẹ́ kó jáde láìsí orúkọ òun, bí ti Mary Shelley.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ibi tí wọ́n ń tò ó sí ló ń bí mi nínú: àárín àwọn ìwé "bí o ṣe lè borí láyé". Mo ti ka púpọ̀ nínú àwọn yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn, ọ̀rọ̀ ojú ìwé mẹ́wàá tí wọ́n fẹ̀ di igba ni. Ìtàn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan, ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta tí o máa bi ara rẹ, ó tán. Ẹni tó bá ti ìdí ìyẹn wá bá Frankl á máa wá ìgbésẹ̀ tó máa tẹ̀ lé. Frankl ò sọ pé ìyà dára, kò sọ pé ẹni tó bá ní ìrètí ló máa yè. Ó sọ kedere pé àwọn tó dára jù nínú wọn kò padà wálé. Gbólóhùn yẹn wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, àwọn tó ń pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri lórí àwòrán oòrùn tó ń yọ kì í pín in.

Adífá_Kọ̀ọ́lẹ̀

Kí n fi ọ̀kan kún ẹjọ́ àmì yìí. Ìtàn Sẹ̀gilọlá, èyí tí Isaac Thomas ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 sí 1930. Lẹ́tà ló ń pè é, lẹ́tà obìnrin kan tó ti gbé ayé fàájì tí àìsàn wá dá sórí ẹní. Kò sí àmì "ìtàn àròsọ" lára rẹ̀, àwọn òǹkàwé sì gbà pé obìnrin náà wà lóòótọ́. Àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n. Olóòtú ìwé ìròyìn ọ̀hún ló ń kọ ọ́! Lónìí, ìtàn àròsọ là ń pè é, mo sì rò pé a pàdánù nǹkan kan, torí mo kà á pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkàn àwọn tó kọ́kọ́ kà á ò balẹ̀ rárá.

Má_Fọ̀rọ̀_Gùn

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mi ò gbà.

Àmì wúlò. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tó rẹ̀ mí, mi ò fẹ́ kí ìwé ẹ̀rù wá di ìwé bàbá tó kọ ọmọ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n pa èèyàn, kí wọ́n wá ẹni tó pa á, kí n sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ní àmì ń ṣì yín lọ́nà, òun náà ló mú yín dé ibi tí ìwé wà.

ÀkàwéAlẹ́

@Má_Fọ̀rọ̀_Gùn O ní òótọ́ tìrẹ. Mi ò ní kí wọ́n ya àmì kúrò. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan wà tí wọn ò ní fọwọ́ kan Frankenstein láé torí wọn ò fẹ́ràn ẹ̀rù, àwọn gan-an ni ìwé náà sì máa bá lára mu. Àwọn tó ń wá ẹ̀rù ló ń rà á, wọ́n á kà á dé ìdajì, wọ́n á ní kò bà wọ́n lẹ́rù.

Ṣadé_ń_Kàwé

Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ yẹn o, ẹ̀gbọ́n. Mi ò lè wo sinimá ẹ̀rù. Èwo ni kí n rà? Mo rí i pé ẹ̀dà 1818 wà, ti 1831 náà wà.

Ojú_Ìwé_Kejì

1818. Ní 1831 ló tún un ṣe, ó wá di pé kádàrá ló ti gbogbo wọn síbẹ̀, ẹ̀bi Victor sì fúyẹ́. Nínú ti àkọ́kọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yàn án. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ fún ti 1831 dára púpọ̀ ṣá, ibẹ̀ ló ti sọ bí òjò ò ṣe jẹ́ kí wọ́n jáde lẹ́bàá adágún Geneva, tí akéwì Byron fi ní kí olúkúlùkù wọn kọ ìtàn iwin. Ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn lẹ́yìn tí o bá parí.

Má_Fọ̀rọ̀_Gùn

Ó dáa. Nínú gbogbo ìwé tí ẹ dárúkọ, èwo ló yá jù? Mi ò fẹ́ òkè ńlá, mi ò fẹ́ aṣálẹ̀.

Kò_Sí_Irọ́_Níbẹ̀

Ackroyd.

Má_Fọ̀rọ̀_Gùn

Ó máa pẹ́ kí èèyàn tó kú?

Kò_Sí_Irọ́_Níbẹ̀

Obìnrin kan ti kú nínú gbólóhùn àkọ́kọ́.

Má_Fọ̀rọ̀_Gùn

Mo ti rà á.